Chisomo Kí Àwọn Tí Ò Sùn

Kíkí tí a ń kí ara wa yìí, àwa rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n kí. Irọ́ ni o. Ẹ bi Chisomo.

Ọdún mẹ́rin ló ti pé tó ti fi Màláwì sílẹ̀ wá sí Èkó torí orin, orin ìpolówó ọṣẹ nìkan ló sì ń fi ohùn dídùn rẹ̀ kọ. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Oregun fún un ní ètò àwọn òṣìṣẹ́, aago mẹ́fà sí méje àárọ̀, láti fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò. Àǹtí Bùsọ́lá, ọ̀gá ètò, là á mọ́lẹ̀ fún un: "Tó bá di Friday tí àwọn listeners ò gbà ẹ́, ẹlòmíì ni màá gbé e fún. Má bínú."

Ní Mọ́ńdè, Chisomo rẹ́rìn-ín sínú máìkì. "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo òṣìṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Fóònù dún. Nùréènì ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, olórí àwọn tó ń yan búrẹ́dì ní Agége.

"Àǹtí, oorun wo? Àtàná la ti wà lẹ́nu ààrò. Búrẹ́dì tẹ́ ẹ jẹ kẹ́ ẹ tó jókòó síbẹ̀ yẹn, ta lẹ rò pó yan án? Ẹ ò tíì kí wa."

Àwọn ọlọ́dẹ pè. Àwọn obìnrin tó ń dé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò pè. Kò sí èyí tó fojú kan oorun nínú wọn. Ẹni tó bá kí wa ní ìkíni ẹlòmíì, kò kí wa nìyẹn. Ojú ti Chisomo, ó sì sunkún nígbà tí wọ́n pa máìkì.

Àmọ́ abèèrè kì í ṣìnà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó wá Nùréènì lọ sí Agége, ó sì kúnlẹ̀.

"Dìde jàre," ni Nùréènì wí. "Ìyẹ̀fun á bà ẹ́ láṣọ jẹ́."

Títí di Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ètò. Ó bá wọn gé ìyẹ̀fun pípò, iná jó o lọ́wọ́, ó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wọn, ó sì béèrè bí a ṣe ń kí oníkálukú.

Nígbà tí Friday dé, kò sọ̀rọ̀ rárá. Orin ló fi bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin tẹ́sẹ̀ ń ro,
Ẹ kú ooru, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dojú kọ iná,
Ẹ kú àìsùn, kí ìlú lè jí jẹun."

Ó kọ ọ́ tán, fóònù ò dún. Àǹtí Bùsọ́lá wo aago.

Ìgbà tó yá, Nùréènì pè. "Àǹtí, a gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ku ẹnì kan tẹ́ ò kí."

"Ta ni, sà?"

"Ẹ̀yin fúnra yín. Láti ọdún mẹ́rin tẹ́ ẹ ti dé, ta ló kí yín?" Ó kọjú fóònù sí àwọn èèyàn rẹ̀, ogún ọkùnrin sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ káàbọ̀ o."

Tẹkúntẹkún ni Chisomo fi dáhùn: "Ẹ kú ilé o." Kí aago méje tó lù, wọ́n ti ń pè láti Maryland àti Aláúsá pé kí wọ́n tún gbé orin yẹn sáfẹ́fẹ́. Àǹtí Bùsọ́lá dìde. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ sídìí pátákó ètò, ó sì kọ orúkọ Chisomo sí aago mẹ́fà Mọ́ńdè.