Ìwúwo Ìyá

Ẹni tó bá rí Tíṣà láàárọ̀ ọjọ́ náà á rò pé ńṣe ni wọ́n ń lé e. Ó gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán, ó tún un gbá. Ó lọ fẹsẹ̀ tẹ pákó tí káfíńtà gbé lé àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó padà wọlé, kò tíì jókòó tó tún fi sáré jáde lọ tẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Báwo ni ì bá ṣe balẹ̀? Ọjọ́ yẹn ni ìyá rẹ̀ ń ti ọsibítù bọ̀, orí àga onítáyà ni wọ́n á sì máa jókòó sí. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà láàárín àgbàlá àti ẹnu ọ̀nà ilé.

Ká ní àtẹ̀gùn nìkan ni, kì bá tí burú. Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló tún dá kún un. Látìgbà tí Ìyá ti ṣubú tí egungun itan wọn dá ni Bọ̀dá ti ń sọ pé òun á mú wọn lọ sọ́dọ̀ òun, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Ẹni tó bá jí lọ ní kùtùkùtù, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó débẹ̀. Ìyá kò fẹ́. Ilé yìí ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ wọn méjèèjì, ibẹ̀ náà sì ni fèrèsé tí wọ́n máa ń jókòó sí láti bá àwọn tó ń kọjá dá àpárá wà. Tíṣà náà kò fẹ́. Òun àti Ìyá nìkan ló kù nínú ilé. Bí Ìyá bá lọ, ta ni yóò máa bá a jà pé iyọ̀ ọbẹ̀ ti pọ̀ jù?

Níkẹyìn, Bọ̀dá là á mọ́lẹ̀ fún un: "Gbọ́, àbúrò mi. Bí Ìyá bá lè wọ ilé yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé wọn, wọ́n á dúró. Bí ó bá di pé à ń gbé wọn, inú ọkọ̀ mi ni wọ́n ń padà sí lọ́jọ́ náà gan-an."

Kí á sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkà. Gbígbé yẹn ń dun Ìyá wọra. Ní ọsibítù, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gbé wọn ni wọ́n máa ń ké, ojú á sì tún wá tì wọ́n nítorí igbe náà.

Àbí kí ni iṣẹ́ Tíṣà? Sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ìwé. Àǹtí Agbára ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ohun tó fẹ́ràn bíi kó máa kọ́ wọn ní ohun tí agbára jẹ́: títì, fífà, gbígbé. Á so rọ́bà mọ́ ọkọ̀ ìṣeré, á di òkúta sínú ọkọ̀ náà, á wá fà á gun pákó. Bí pákó bá kúrú tó sì dà gẹ̀rẹ́ jù, rọ́bà á nà tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Bó bá fi pákó gígùn rọ́pò rẹ̀, rọ́bà kò ní í nà tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ẹ rí i," á ní, "ohun tí apá ò ká, gígùn ọ̀nà á ká a. Ṣùgbọ́n kí la kọ́kọ́ ń ṣe?"

Gbogbo kíláàsì á figbe ta: "A ń wọn ẹrù, mà!"

A ń wọn ẹrù. Ó mọ̀ ọ́n, ó tún ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ta ló tó bi Ìyá pé kílò mélòó ni wọ́n? Ó dọ́gbọ́n bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan lórí ibùsùn ọsibítù. Ìyá wò ó tòkètilẹ̀. "Ṣé ewúrẹ́ tí o fẹ́ tà ni mí?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò lè bi nọ́ọ̀sì, torí ó dà bíi kéèyàn máa sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó bá fojú bù ú. Ó rò pé àìsàn á ti mú wọn rù, kò rántí pé ẹni tó ń jẹun tí kì í rìn kì í rù.

Nígbà tí káfíńtà fi ìwọ̀n yẹn ṣe pákó tán, àga òfìfo ni Tíṣà fi dán an wò. Àga gòkè wẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tó fi ń jó.

Ọ̀sán ni fèrè ọkọ̀ dún. Bọ̀dá sọ̀ kalẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì. Báàgì Ìyá wà lẹ́yìn ọkọ̀, Bọ̀dá kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ìyá di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, wọ́n rọra yí ara wọn sórí àga tí Tíṣà gbé wá, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà." Tíṣà kúnlẹ̀.

"Dìde, jàre. Ṣé ẹni tó máa tì mí ló ń fi eékún rẹ̀ ṣòfò yìí?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan àga náà. Èmi ni mo máa tì wọ́n."

Bọ̀dá kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Mo ti gbọ́."

Tíṣà fẹsẹ̀ rinlẹ̀, ó tì. Àga gun pákó. Ó dé ìdajì, ó dúró. Ó tì, kò lọ. Òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, bàtà rẹ̀ ń yọ̀ lórí pákó. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Yéè! Àga òfìfo ni mo fi dán an wò!

"Ọmọ mi," Ìyá wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀, "à ń padà sẹ́yìn o."

Wọ́n ń padà lóòótọ́. Bọ̀dá fò mọ́ ẹ̀yìn àga, òun àti Tíṣà sì jọ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí táyà kanlẹ̀, Ìyá kò dápàárá kankan. Wọ́n kàn ń wo itan wọn.

"Ó tán," Bọ̀dá wí. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù. "O gbìyànjú. Jẹ́ ká máa lọ, ọ̀nà jìn."

"Bọ̀dá, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i."

"Àyè kí ni? Kí wọ́n tún lè ṣubú?" Ó yíjú sí i. "Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú. Orí fóònù ni èmi ti gbọ́ igbe wọn. Ṣé o mọ bó ṣe ń rí, kéèyàn máa gbọ́ igbe ìyá ẹ̀, kó má lè dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Tíṣà kò mọ̀, kò sì rò ó rí. Àánú rẹ̀ ṣe é, ẹ̀rù sì ń bà á síbẹ̀. Ó wo pákó yẹn. Kúkúrú ni, gbogbo ẹjọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sáré wọlé, ó mú òòlù, ó gbá irin tó so ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́ ògiri jáde, ó wọ́ ilẹ̀kùn síta. Ó padà lọ tú ti yàrá Ìyá.

"Ilé lo ń wó ni?" Ìyá pè láti ìta.

"Rárá, mà. Ọ̀nà ni mò ń fà gùn."

Ó wọ́ pákó káfíńtà kúrò. Ó to búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé ilẹ̀kùn kan láti ilẹ̀ dé orí búlọ́ọ̀kù, ó gbé èkejì láti ibẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé wọn lórí kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀. Bọ̀dá ń wò ó. Ẹ́ńjìnnì ń kùn.

"Ìyá, ṣé kí n tún tì yín?"

Ìyá wo ọ̀nà tuntun náà títí. "Ẹ̀rù ń bà mí," ni wọ́n wí. "Tì mí."

Ó tì. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Wọ́n gun ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tán, wọ́n bọ́ sórí èkejì. Bí wọ́n ṣe dé àárín rẹ̀ ni igi dún kẹ́ẹ́. Ilẹ̀kùn tẹ̀ lábẹ́ wọn. Tíṣà dúró gbagidi, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Bọ̀dá ti kúnlẹ̀ kó tó pè é. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ etí ilẹ̀kùn, ó gbé e sókè, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

"Tì!" ló pariwo. "Má wò mí, tì wọ́n!"

Tíṣà tì í. Táyà yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Bọ̀dá, ó kan sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gorí rẹ̀.

Bọ̀dá dìde nílẹ̀. Tíṣà kò lè mú ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. "Bọ̀dá, ẹ ti bá wa gbé e. Ṣé ẹ ṣì máa mú wọn lọ?"

Bọ̀dá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti pọ́n. "Ta ló gbé Ìyá? Èmi kọ́ o. Ilẹ̀kùn ni mo gbé." Ó lọ pa ẹ́ńjìnnì.

Ìyá fi ìka pe Tíṣà mọ́ra. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ nǹkan kan sí i létí. Kílò wọn ni. Ó fi púpọ̀ ju èyí tí ó fojú bù lọ. "Lọ sọ fún káfíńtà," wọ́n ní, "kó ṣe èyí tó máa gbà mí. Mi ò fẹ́ kúrò níbí." Tíṣà sunkún sí èjìká wọn bí ọmọdé.

Bọ̀dá gbé báàgì dé. "Kí ni Ìyá sọ?"

"Ẹ bi wọ́n, sà."

"Kó bi mí kẹ̀?" Ìyá wí. "Ṣé ewúrẹ́ ni mí? Gbé báàgì mi wọlé."