Ẹni Tó Gbẹ́ Kànga Ìnísà

Oníkanra ni mí, mi ò sì ní purọ́. Mo máa ń sọ pé ogún ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ àwọn ọlọ́mọ ní Ìkìrun ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọkọ mi ní kí n má purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.

Kò kúkú sẹ́ni tó lè pè mí ní ọ̀lẹ. Gbogbo Sátidé ọdún 1993 ni èmi àti èèyàn mẹ́fà fi jókòó sínú kíláàsì kan tí a yá, tí à ń kọ Ìwé Ìmọ̀ Ìlú Mẹ́ta. Ohun gbogbo tó bá wà ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: odò, ọjà, oúnjẹ, ilé ìjọsìn, èèyàn. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan wá, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún ohun tí ẹlòmíì kọ ṣe. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Òfin wa ò ju méjì lọ: orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ pé, ẹlẹ́rìí méjì sì gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹni tuntun bá dé, ọ̀kan nínú wa á mú un lọ́wọ́ dání títí yóò fi mọ bí a ti ń ṣe é.

Bí wọ́n ṣe fa Màmá Àyìnkẹ́ lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Opó ni wọ́n, ará Ìnísà, wọ́n á ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ilé ìwé àgbà ni wọ́n ti kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kò sì tíì pé ọdún méjì. Wọ́n fi aṣọ wé ìwé tí wọ́n kọ bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ tuntun dání.

Kànga ilé wọn ni wọ́n kọ nípa rẹ̀, kànga tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní ìyá ọkọ àwọn ló gbẹ́ ẹ, ní ọdún ọ̀dá kan, kété lẹ́yìn tí àwọn wọlé ọkọ. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ẹ kan àpáta, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Obìnrin yìí ló gbé irin wọnú ihò padà, tó fọ́ àpáta fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí omi tó yọ.

Inú mi dùn sí i gan-an, àfi ìgbà tí mo wá orúkọ nínú rẹ̀. "Ìyáà mi" ló gbẹ́ kànga. "Ẹyinfúnjowó" ló ń fa yẹ̀pẹ̀ jáde. "Akọ̀wé" ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Akọ̀wé yìí, ẹ má jẹ́ kó tàn yín, àgbẹ̀ paraku ni, kò mọ a yàtọ̀ sí b.

Bàbá Oyèdélé, alága wa, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù, kà á, wọ́n yọ awò ojú wọn.

"Tíṣà, ṣé èèyàn nìwọ̀nyí àbí orin?"

Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ rẹ̀, kódà kó jẹ́ ọmọ kékeré tó bá nílé. Orúkọ tó bá sọ wọ́n ló ń pè wọ́n. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà òde òní máa ń pe ọkọ mi ní Yọ̀mí lójú ìyá rẹ̀, àmọ́ àwọn ti Màmá Àyìnkẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwé míì ti wà nínú fáìlì lórí kànga kan náà. Ọ̀gbẹ́ni Ọlákúnlé kan tó ń gbé Ìbàdàn ló kọ ọ́, pé bàbá òun ló gbẹ́ ẹ. Orúkọ pé, ẹlẹ́rìí pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ làwọn méjèèjì. Ọjọ́rú ni iṣẹ́ wa ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Bí orúkọ ò bá sí nínú ti Màmá, ti Ọlákúnlé la máa tẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí yóò sì máa kà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, bí ilé ìwé ti parí, mo wọkọ̀ lọ sí Ìnísà. Àwọn ọmọ ilé bá mi dárúkọ Ẹyinfúnjowó àti Akọ̀wé. Ó wá ku ọ̀kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyá ọkọ yín ń jẹ́?"

"Ìyáà mi ni mo ń pè wọ́n."

"Mo ti gbọ́ yẹn. Orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n ńkọ́?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí ìró wọn. Ara mi gbóná.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ba iṣẹ́ yín jẹ́! Èèwọ̀ yín yìí ló máa gbé kànga yẹn fún ẹni tí ò gbẹ́ ẹ."

Omijé bọ́ lójú wọn. "Tíṣà, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ pè é. Mi ò mọ̀ ọ́n ni."

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi bá obìnrin náà gbélé. Àwọn ni wọ́n ń wẹ̀ fún un nígbà tí kò lè dìde mọ́. "Ìyá Òkukù" ni gbogbo agbo ilé ń pè é, torí Òkukù ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín, wọn ò tẹ ìwé ìsìnkú kankan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú, àwọn àgbà ilé ti tán. Kò sígbà kan tí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ sí Màmá létí. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa wò.

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá," ni mo wí. "Lọ́la, èmi pẹ̀lú yín ń lọ sí Òkukù."

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, a wọ ọkọ̀ Pijó. Agbo ilé mẹ́ta la yà kí a tó bá bàbá arúgbó kan, Bàbá Jọláyẹmí, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń yin àgbàdo.

"Èyí tó lọ sílé ọkọ ní Ìnísà? Tó fọ́ àpáta?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Morìnsọ́lá!"

Màmá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó bojú wẹ̀yìn. Ìyá kan jáde láti inú ilé ìdáná, ó ní òun kéré nígbà náà, àmọ́ òun lòun gbé oúnjẹ lọ fún un ní Ìnísà lọ́jọ́ kan, òun sì fi ojú ara òun rí i nínú ihò. Àwọn méjèèjì tẹ̀ka sí ìwé wa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la dé ilé Bàbá Oyèdélé. Mo ti fi orúkọ gidi sí gbogbo ibi tí ìnagijẹ wà. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ ti Ọlákúnlé kúrò nínú fáìlì, wọ́n na bírò sí Màmá. Ẹni tó kọ nǹkan gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀.

Wọ́n kọ Àyìnkẹ́.

"Ó ti tó, Màmá," ni mo wí.

Wọ́n ṣì ń kọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Àyìnkẹ́, ìyàwó Morìnsọ́lá, ni wọ́n kọ. Mo wo ẹnu wọn. Wọ́n pa á dé pinpin.

Bàbá Oyèdélé ní orúkọ òǹkọ̀wé nìkan là ń fẹ́ níbẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án.

Màmá gbé ìwé náà síwájú mi. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn nìyí, tíṣà?"

Èmi tí mo máa ń rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ gbogbo ayé, mi ò rí ẹyọ kan níbẹ̀. Mo mi orí sí wọn pé bẹ́ẹ̀ ni.