Ẹ̀tù Ẹlẹ́ẹ̀kejì

"Bàbá Yétúndé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ẹnu ìbọn yín sí ọ̀dọ̀ òkìtì."

Mákánjúọlá yí i, ṣùgbọ́n ó fi falẹ̀. Òun ló kọ́ Misturat yìí bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú, ní ọdún méje sẹ́yìn, nínú oko iṣu bàbá ọmọbìnrin náà. Lónìí, Misturat ló wọ ẹ̀wù pupa alábòójútó. Òun ni ẹgbẹ́ ọdẹ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní kó máa darí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní pápá ìdánrawò. Alága ní ó ti gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ṣakí, ó sì lè kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìbọn sínú ìwé. Mákánjúọlá kò kọjá ìwé mẹ́rin ní pírámárì. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn sí i lójú, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn òun nìyẹn.

"Ẹ̀wù yẹn mà yẹ ẹ́ o," Ìyápọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó dúró lápá ọ̀tún rẹ̀, sọ.

"Bí wọ́n bá fi wọ igi, á yẹ igi."

"Ò ń jowú ọmọ tó o kọ́ níṣẹ́."

"Kọjú síwájú, jàre."

Misturat gbóhùn sókè. "Ẹ rántí o. Tí ìbọn yín bá kọ̀, ẹ má tún un kì. Ẹ nawọ́ sókè, kí ẹ dúró lójú kan títí màá fi dé ọ̀dọ̀ yín. Ó yá, ẹ yìnbọn."

Nínú ìbọn ṣakabùlà mẹ́fà, márùn-ún bú lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín bo gbogbo wọn. Ti Mákánjúọlá kàn dún tẹ́ ni.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó wo Misturat láàárín èéfín. Kí òun wá nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé, níwájú ẹni tó ti gbé àpò ọdẹ tẹ̀lé òun rí? Nígbà tí Misturat ní kí wọ́n tún ìbọn kì, Mákánjúọlá náà rọ ẹ̀tù, ó kó ọta lé e, ó fi ọ̀pá irin tì í wọlé. Ọ̀pá náà yọ síta ju bó ṣe máa ń yọ lọ. Ẹ̀tù méjì ló wà nínú ìbọn náà. Ó mọ ọkùnrin kan ní Òtu tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ìka méjì péré ló kù sí ọwọ́ náà.

"Ẹ gbé e sókè."

Ó gbé e lé èjìká. Irin rẹ̀ nípọn, ó lè má fọ́. Nígbà náà ni Ìyápọ̀ sún mọ́ ọn kí oòrùn lè kúrò lójú rẹ̀, títí èjìká wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

Mákánjúọlá rọra gbé ìbọn náà kalẹ̀. Ó nawọ́ sókè.

"Ẹ dúró, gbogbo yín." Misturat wá bá a. "Kí ló dé, Bàbá Yétúndé?"

"Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan." Ó tọ́ka sí ìbọn náà. "Mo tún kì í lé e lórí."

Ìyápọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìṣàwàdà. Misturat ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Mákánjúọlá ti ń wá èsì sí èébú tí Misturat yóò bu òun.

"Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́, sà," ni Misturat wí. "Ẹ mọ òfin wa. Ẹ ó bá àwọn tuntun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, kí ẹ tó tún yìnbọn níbí."

"Èmi tí mo kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá."

Ó wo ojú rẹ̀ títí, ó ń wá yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Kò rí i, inú sì túbọ̀ bí i.

"Aago mélòó?" ló bi í.