Ààwẹ̀ Ìwọlé ní La Paz

Inú ti ń bí Ìbíyẹmí kí Túbọ̀sún ọmọ rẹ̀ tó palẹ̀ ẹrù mọ́ rárá. Kí ló ṣe Barking, ní London níbí? Ilé wà, iṣẹ́ wà. Òun ìyá àgbà wà ní Upney nítòsí, tó ń lọ mú àwọn ọmọ bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ omi kan ní kí Túbọ̀sún wá ṣe ẹnjiníà fún wọn ní La Paz, ní Bòlífíà, ìlú tó ga débi pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó èèyàn mí. Ó tún ń rẹ́rìn-ín sọ ọ́! Ó kó Ọmọ́lẹ́wà ìyàwó rẹ̀, ó kó Dárasími ọmọ ọdún mẹ́jọ àti Láyí ọmọ ọdún mẹ́rin, ó di ọ̀hún.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá Jésùfẹ́mi wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ṣebí orí òkè náà la máa ń wá kiri láti lọ gbàdúrà? Tiyín ti rí èyí tó ga jù, free of charge."

"Tá a bá gbàdúrà tán lórí òkè, a máa ń sọ̀ kalẹ̀ ni," ni Ìbíyẹmí dá a lóhùn. "A kì í kó ọmọ lọ máa gbébẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà kò pa á lẹ́rìn-ín.

Nígbà tó rí wọn lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ńṣe ni orí rẹ̀ gbóná. Láyí ń bì. Dárasími gun àtẹ̀gùn ilé wọn dé ìdajì, ó jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n lé. Túbọ̀sún ní ara wọn yóò mọ́ ọn, kí wọ́n ṣáà máa sinmi, kí wọ́n sì máa mu omi dáadáa. Omi! Ìbíyẹmí mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Wọn kò gba ààwẹ̀ ìwọlé. Láti ọjọ́ tí òun ti dé London, kò sí ilé tó kó sí, ìbáà jẹ́ yàrá kan ṣoṣo, tí kò kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta sí, àìjẹ àìmu. Àwọn wọ̀nyí kàn wọlé, wọ́n sọ ẹrù sílẹ̀.

Kò bá Túbọ̀sún sọ ọ́. Ọmọ́lẹ́wà ló pè, nítorí ó mọ̀ pé ìyẹn kò ní lè kọ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀.

"Three days, Ọmọ́lẹ́wà. Ìwọ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Dárasími títí di méjìlá ọ̀sán. Kò kan Láyí."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Dárasími lè máa mu omi díẹ̀díẹ̀? Wọ́n ní níbí yìí—"

"Ààwẹ̀ wo ni wọ́n ń mu omi sí? Fún un ní fóònù."

Ó sọ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀ pé ẹni yòówù kó fún un lómi kí aago méjìlá tó lù, kó ní rárá o. Ọmọ náà ní, "Yes, Grandma."

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Dárasími dákú sórí pápá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọjọ́ Àìkú ni Ìbíyẹmí tó gbọ́. Nígbà tó ti ìsìn dé, kò tilẹ̀ bọ́ sùtánà rẹ̀ tó fi pe Túbọ̀sún lórí fídíò. Kò jẹ́ kó kí òun.

"Kó àwọn ọmọ mi padà wá! This week! Mo sọ àbí mi ò sọ? O gbé ọmọ lọ síbi tí ò sí air, o wá ń bá mi sọ̀rọ̀ job. Job kọ́, job ni!"

"Mummy, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé—"

"Àlàyé kí ni? Ìwọ àti ìyàwó ẹ, ẹ jókòó, ẹ̀ ń wò ó! Bi dókítà ohun tó fà á, kó o gbọ́ bóyá kò ní sọ pé òkè yẹn ni!"

"Dókítà ní omi ló gbẹ lára ẹ̀, Mummy. Ó ní ara tètè ń gbẹ nílùú yìí. Teacher ẹ̀ fún un lómi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò mu."

Ìbínú ti wà lẹ́nu Ìbíyẹmí kó tó ronú. "Kò mu kẹ̀? Ta ló sọ fún ọmọ kékeré pé kó má mu omi, níbi tí àgbà ò ti lè mí?"

Lẹ́yìn Túbọ̀sún, Ọmọ́lẹ́wà ń wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Grandma," ni Dárasími wí láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Kò bínú. Ó rò pé ìyá àgbà ti gbàgbé ni. "But nọ́ọ̀sì ti fi omi sí mi lára nígbà tí mo sùn, and it wasn't twelve yet. Sorry, Grandma. Ṣé ká tún bẹ̀rẹ̀ láti day one?"

Ìbínú ṣì wà lẹ́nu Ìbíyẹmí, ṣùgbọ́n kò rí ẹlòmíràn tí yóò dà á lé lórí.