Àwòrán tí kì í ṣe ti Lazăr

Ẹ̀dọ̀fóró Pavel ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọkọ mi fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì aláìsàn. Èmi gan-an ni mo fọ ẹ̀wù tí Pavel wọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yàwòrán àyà, tó mú káàdì ọkọ mi dání, tó ní òun ni Lazăr. Níbi tiwa, àwọn awakùsà máa ń ṣe é fún ara wọn. Ẹni tí èédú ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ á dúró síwájú ẹ̀rọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ náà lè jáde kúrò lábẹ́ ilẹ̀. Pavel ti kú báyìí.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ikọ́ mú Lazăr. Wọ́n ya àwòrán àyà òun fúnra rẹ̀. Dókítà Olaru gbé àwòrán àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun.

"Kókó kan wà lókè, lápá ọ̀tún," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, kò sì tóbi sí i. Jẹjẹrẹ kì í jókòó jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Lazăr rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, Dókítà. Ìyàwó mi ti fẹ́ lọ ra pósí."

Nígbà tá a jáde, mo di apá rẹ̀ mú. "Kókó Pavel ló wà nínú àwòrán àtijọ́ yẹn. A ò mọ ìgbà tí tìẹ yọ. Padà lọ sọ fún un."

"Kí wọ́n gba ìwé ìfẹ̀yìntì náà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n sì tì mí mọ́lé?"

"Wọ́n ń jẹun lẹ́wọ̀n. Ta ló ń jẹun ní sàréè?"

"Saveta, ìgbà wo lo di dókítà?"

"Ìgbà tí mo fẹ́ òmùgọ̀."

Síbẹ̀ mo panu mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Èmi náà ń jẹ nínú owó ìfẹ̀yìntì yẹn. Ìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí ìrọ̀rí ni mo tó lọ bá dókítà, tí mo sọ gbogbo ẹ̀. Lazăr ṣépè fún mi, àmọ́ ó bá mi lọ, wọ́n sì tún ya àwòrán àyà rẹ̀.

Èmi nìkan ni dókítà pè wọlé. Kókó náà ti ju ìlọ́po méjì lọ, ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀.

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, à bá gé e kúrò," ó ní.

"Ṣé ẹ máa fẹjọ́ wa sùn?"

Ó wò mí. "Fún kí ni mọ́?"

Nínú bọ́ọ̀sì ìlú Petroșani, Lazăr ò béèrè ju ohun kan lọ. "Ṣé wọ́n máa gba ìwé náà?"

"Wọn ò ní gbà á."

"O ò rí i? Ò ń dẹ́rù bà mí lásán."