Orí Mẹ́rìnlélógún

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ iná ní ilé ìwòsàn yìí. Kò sí gílóòbù kan tó ń tàn níbẹ̀ tí ọwọ́ mi ò kàn rí. Ìyá Iná ni gbogbo wọn ń pè mí, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá dókítà títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń nu ilẹ̀, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà gan-an. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí ná, kí ẹ lè mọ ìdí tí inú fi bí mi nígbà tí ọkùnrin kan so táì mọ́ ọrùn, tó dúró níwájú mi, tó ní iṣẹ́ tí mo ṣe sínú ògiri kò wúlò fún nǹkan kan.

Ẹ̀rọ tuntun kan tó ń ya àwòrán eegun ló fà á. Àwòrán tí èyí ń yà kì í jáde sórí nǹkan dúdú tí à ń gbé síwájú iná wò mọ́, inú kọ̀ǹpútà ló ń wà. Wọ́n fẹ́ kó máa gba inú wáyà lọ bá Dókítà Eegun, tí yàrá rẹ̀ wà ní òdìkejì àgbàlá. Ọ̀gá dókítà pè mí, ó ní, "Ìyá Iná, ṣé ẹ lè tẹ́ wáyà yìí?" Mo ní kí ló dé tí mi ò ní lè tẹ́ ẹ, ṣé wáyà kọ́ ni? Okùn méjìlá ni mo fà gba inú àjà àti abẹ́ ilẹ̀. Mo fi orí rọ́bà kékeré sí ìbẹ̀rẹ̀ okùn kọ̀ọ̀kan, mo sì fi òmíràn sí ìparí rẹ̀, ó jẹ́ orí mẹ́rìnlélógún. Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú okùn kan. Mo fi tẹ́sítà mi dán wọn wò, iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì ń tàn tẹ̀ léra láìfo ọ̀kan. Mo palẹ̀ irinṣẹ́ mi mọ́, mo gba ilé lọ tayọ̀tayọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fi sẹ́ni tó lè bá Dókítà Eegun sọ̀rọ̀ mọ́. Àwòrán tó yẹ kó dé kí èèyàn tó ṣẹ́jú ń lo ogún ìṣẹ́jú lọ́nà. Òmíràn á dé ìdajì, á dúró síbẹ̀. Ọkùnrin náà wá ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré la àgbàlá kọjá lọ wo àwòrán nídìí ẹ̀rọ, á tún sáré padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣẹ́ lápá tó ń jẹ̀rora lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá Iná, wáyà yín fẹ́ pa mí o!" Ohun tó máa ń wí nìyẹn tó bá ń kọjá lára mi, kì í tiẹ̀ dúró gbọ́ èsì.

Ni wọ́n bá lọ pe Onítáì, ọkùnrin kan tó jẹ́ pé wáyà kọ̀ǹpútà ni iléeṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kò ṣí nǹkan kan, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó kàn wo ọwọ́ mi tó dọ̀tí, ó sì kọjú sí ọ̀gá dókítà. "Oníṣẹ́ iná ló ṣe èyí," ló wí, bíi pé mi ò sí níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀ tu kúrò nínú ògiri, kí àwọn èèyàn òun wá tẹ́ tuntun. Ọ̀gá dókítà kọjú sí mi. Ó ní, "Màmá, tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ní aago méjìlá, tí àwòrán ò bá tíì máa lọ dáadáa, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó sì dà bíi pé ó yẹ kí ẹ lọ sinmi nílé." Èmi kì í ṣe ọmọdé. Mo mọ ohun tí "ẹ lọ sinmi nílé" túmọ̀ sí lẹ́nu ọ̀gá.

Mo ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mò ń pè é tí mo bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó dé sílé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó bọ́ bàtà. Mo ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, wáyà mi dáa. Kọ̀ǹpútà wọn ni kò dáa. Lọ́la, wàá bá mi lọ sọ fún wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, kí ló ń gba inú wáyà yẹn kọjá ná?"

"Iná ni. Kí ni ì bá tún jẹ́?"

"Iná ni lóòótọ́. Kí wá ni iná ọ̀hún ń sọ?"

Mo ní pátákó kan tí mo fi ń kọ́ àwọn tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Súwíìṣì mẹ́jọ wà lára rẹ̀, gílóòbù mẹ́jọ wà lókè wọn. Ọmọ mi gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ mi, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ̀kan sábẹ́ súwíìṣì àkọ́kọ́, ó kọ méjì sábẹ́ ìkejì, mẹ́rin sábẹ́ ìkẹta, ó sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé méjìdínláàádóje lábẹ́ ìkẹjọ. Ó ní kí n ronú nípa ilẹ̀ tí wọ́n fi táìlì kéékèèké tẹ́. Àwòrán nìyẹn. Táìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe funfun tó. Tí gbogbo súwíìṣì bá kú, òdo ni, táìlì náà á dúdú kirikiri. Tí gbogbo wọn bá tàn, ó di igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta, á funfun báláú. Eegun máa ń sún mọ́ funfun, ẹran ara á wà láàárín.

"Ẹ bá mi fi súwíìṣì kọ àádọ́ta."

Mo wo àwọn nọ́ńbà náà. Mo tan méjìlélọ́gbọ̀n, mo tan mẹ́rìndínlógún, ó ku méjì, mo tan òun náà. Mo pariwo! Ṣé títàn àti pípa tí mo ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ń fi gẹ̀ẹ́sì ńláńlá bò mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀? Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he.

Ọmọ mi bá na ọwọ́, ó tan súwíìṣì ìkẹjọ mọ́ àwọn mẹ́ta tí mo ti tàn. "Súwíìṣì kan péré ló ṣìnà yìí o, Mọ́mì. Ẹran ara ti fẹ́ di eegun." Ó ní ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà kì í fi í fi gbogbo àwòrán ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń pín in sí ìdì kéékèèké. Á kọ nọ́ńbà sára ìdì kọ̀ọ̀kan, á kọ ibi tó ń lọ, á sì kọ ìṣirò ohun tó dì sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó gbà á á tún ìṣirò náà ṣe. Tí kò bá dọ́gba, á da ìdì náà nù, á sì ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́.

Mo rò ó wò. "Àwòrán yẹn ò lọ́ra nígbà náà," ni mo wí. "Ó ń bàjẹ́ lọ́nà ni, wọ́n sì ń tún un rán lemọ́lemọ́."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n, Mọ́mì!"

"Ta ló wá ń bà á jẹ́?"

Ó ní kí n mú orí kan wá kí òun wò ó. Mo mú okùn tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ náà fún un, èyí tí mo ti fi orí sí. Ó gbé e síwájú gílóòbù, ó wo àwọ̀ àwọn wáyà náà láti inú rọ́bà. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Ta ló ní kí ẹ tò ó báyìí?"

"Ojú mi ni."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Méjì méjì ni wọ́n lọ́ wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ náà mọ́ra. Aláwọ̀ ọsàn ní ẹnìkejì tó ní ilà funfun, bẹ́ẹ̀ náà ni aláwọ̀ ewé, búlúù àti búráùn. Èmi to kálukú ti ẹnìkejì rẹ̀, ó sì rẹwà. Nínú iṣẹ́ iná, àwọ̀ kì í ṣe ìjà, ohun tó bá wọlé níbí kó ṣáà ti jáde lọ́hùn-ún ní àyè rẹ̀. Ọmọ mi ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta àti ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni kọ̀ǹpútà kà sí tọkọtaya, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin àti ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún á sì wà láàárín wọn. Níbi tí mo tò wọ́n sí, ẹlẹ́ẹ̀kẹta jẹ́ ewé, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà jẹ́ búlúù.

"Ẹ ti gbé ìyàwó oníyàwó fún ẹlòmíì, Mọ́mì. Àwọn tí wọ́n bá lọ́ pọ̀, ariwo tó bá kan ọ̀kan á kan ìkejì, kọ̀ǹpútà á sì yọ ọ́ kúrò. Àwọn tí ò bá lọ́ pọ̀, ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni wọ́n á máa gbọ́. Tẹ́sítà yín kàn ń béèrè bóyá wáyà dé ni. Kò béèrè ohun tó gbọ́ lọ́nà."

Mo ju ẹ̀mú ọwọ́ mi sórí tábìlì. "Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo fi iṣẹ́ yìí rán ọ níwèé?" Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo yí táńkì omi po lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ náà ò purọ́. Ká ní ó purọ́ ni, ǹ bá bú u tán, ǹ bá lọ sùn. Mo padà wọlé, mo fa àga mi. Mo ní, "Ó dáa. Sọ bí wọ́n ṣe ń tò ó fún mi, kí o sì rọra sọ ọ́."

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ti wà níwájú ọ̀gá dókítà, ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Dókítà, èmi ni mo jẹ̀bi. Okùn tó wà nínú ògiri ò ní àléébù kankan. Àwọn orí ni mi ò ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n gé wọn, kí n tún wọn ṣe."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Màmá, ẹnu yín lẹ fi sọ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Kí ló dé tí màá tún fi jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Torí pé kò sẹ́lòmíì tó mọ gbogbo ibi tí mo ti bà á jẹ́."

Ọ̀gá dókítà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní aago méjìlá ò yí padà o.

A bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń ka iye ìdì tó ń bàjẹ́. Èmi gun àkàsọ̀, mo ń gé, mo ń bó, mo ń tò, mo ń tẹ̀. Ọsàn funfun, ọsàn, ewé funfun, búlúù, búlúù funfun, ewé, búráùn funfun, búráùn. Mò ń kà á sókè bí ọmọ ilé ìwé, àwọn nọ́ọ̀sì ń kọjá, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ní kí n má ṣe tú ibi tí wọ́n lọ́ pọ̀ ju ìbú èékánná lọ. Orí márùn-ún àkọ́kọ́ gbà mí ní wákàtí méjì gbáko. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n, mò ń ṣe ọ̀kan kí ọmọ mi tó mu omi tán nínú ife.

Nígbà tí aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti tẹ orí kẹrìnlélógún. Mo fi tẹ́sítà sí okùn tó kẹ́yìn náà. Iná tàn ní ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ó wá fò lọ sí mẹ́fà, ó wá sí márùn-ún, ó padà sí mẹ́rin. Ọwọ́ mi ti gbàgbé ara rẹ̀, ó to orí tó kẹ́yìn bó ṣe ń tò ó tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Onítáì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n gbé àkàsọ̀ wọlé.

"Mọ́mì, ẹ má kánjú," ni ọmọ mi wí.

Mi ò kánjú. Mo gé e, mo tò ó, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo tẹ̀ ẹ́. Iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tàn tẹ̀ léra. Ọmọ mi fi àwòrán orúnkún arúgbó kan ránṣẹ́. Mo di ẹ̀mú mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sínú: ení, èjì, ẹ̀ta... Fóònù dún. Dókítà Eegun ni, gbogbo yàrá sì ń gbọ́ igbe rẹ̀: "Ó ti dé o! Ẹ tún fi òmíì ránṣẹ́!" A fi gbogbo àwòrán ọ̀sẹ̀ náà ránṣẹ́, ọkùnrin náà ń kígbe bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń wọlé. Ọmọ mi yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Iye ìdì tó bàjẹ́: òdo. Mo pàtẹ́wọ́, mo jó níbẹ̀, mi ò béèrè ẹni tó ń wò mí.

Onítáì ò gbà. Ó ní oríire lásán ni, pé ẹ̀rọ tòun kì í parọ́. Ẹ̀rọ ńlá kan ló gbé jáde nínú àpò rẹ̀, irú èyí tó ń gbọ́ ohun tí wáyà ń gbọ́. Ọ̀gá dókítà ní kó wọ̀n ọ́n. Ó fi í sí okùn àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà fi hàn pé ó yege. Ó fi í sí ìkejì. Ó yege. Nígbà tó dé ìkẹfà, ó ti tú táì rẹ̀. Nígbà tó dé ìkejìlá, òun náà yege, Onítáì sì tẹjú mọ́ orí rọ́bà náà.

"Iṣẹ́ gidi nìyí," ló wí níkẹyìn. "Ilé iṣẹ́ wo ló wá tún un ṣe?"

Kí n tó la ẹnu, ọmọ mi ti dìde. Ó gba ẹ̀mú lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e lé ọ̀gbẹ́ni náà lọ́wọ́ kó rí ohun tí wọ́n fi ṣe é.

"Ìyá mi ni," ló wí.