Ìwọ̀n tí Jọmílójú Kọ Lẹ́ẹ̀kan Péré

Láti ọjọ́ tí ọmọ Gertrude ti kú, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń kà sí ọjọ́. Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé rẹ̀ ní Sùúrùlérè, tó tú gèlè, tó gbé ìrẹsì kaná, etí rẹ̀ á ti wà lẹ́nu géètì. Jọmílójú, ọmọ ọmọ rẹ̀, á ti Yábàá dé tòun ti kọ̀ǹpútà nínú báàgì ẹ̀yìn. Wọ́n á jẹun, wọ́n á palẹ̀ mọ́, ọmọ náà á ṣí kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìránṣọ. Ìgbà náà ni Abigail á wá sọ̀rọ̀.

Abigail ni ìyá Jọmílójú, òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Gertrude bí. Ó ti di ọdún méjì tí àìsàn kíndìnrín ti mú un lọ. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án tó máa dákẹ́, lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù Ìdí-Àràbà, ó ní kí Jọmílójú gbé fóònù sórí ìrọ̀rí kó máa gba ohùn òun sílẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi sọ̀rọ̀. Ó ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀. Ó dárúkọ aládùúgbò tó wá yá ìkòkò ńlá lọ tí kò dá a padà. Ó wá kọjú sí ìyá rẹ̀, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí yunifọ́ọ̀mù tó rán fún un nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin.

"Mọ́mì, apá ọ̀tún gùn ju tòsì lọ! Mo sọ fún yín, ẹ ní apá tèmi ni kò dọ́gba!"

Ibẹ̀ ló ti máa ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín á di ikọ́. Gertrude kò sì gbà fún un rí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń bá kọ̀ǹpútà jà: "Irọ́ ni! Abigail, o ti kú tán, o tún ń purọ́ mọ́ mi!" Jọmílójú á fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Lẹ́yìn ìyẹn, oorun ló gbé Abigail lọ, kò sì sẹ́ni tó rántí pa fóònù. Wákàtí mẹ́ta tó kù, ìró fáànù ni, àti bàtà nọ́ọ̀sì tó ń lọ tó ń bọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Jọmílójú tètè kó ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé ní ọjọ́ ìsìnkú gan-an ni olè gbé fóònù yẹn.

Ìdí tí Gertrude fi ń jà nípa yunifọ́ọ̀mù ni pé àádọ́ta ọdún ló fi ránṣọ, kò sì kọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí. Ìwé rẹ̀ kò jìnnà, orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà ara téèpù ni gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n kọ. Á na téèpù mọ́ oníbàárà lára, á wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó tán. Bí ẹni náà bá padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Gertrude á ní, "Ìbàdí rẹ ti fi íǹṣì méjì lé sí i o, kí lò ń jẹ?" Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín títí. "Orí mi ni ìwé mi," báyìí ló máa ń wí.

Iṣẹ́ Jọmílójú kò yé e bọ̀rọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ wọn ń ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ẹrù sínú ikùn ara rẹ̀, àti pé apá ibi tó ń gé fáìlì kúrú ni ọ̀gá wọn, Dennis, gbé lé ọmọ náà lọ́wọ́. Èèyàn mẹ́rin ló ti fọwọ́ kàn án ṣáájú rẹ̀, kálukú lẹ abulẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ọn, ó wá rí bí ẹ̀wù alágbe. Dennis ní kó tún un rán kó mọ́ níwọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Jọmílójú tiẹ̀ là á yé e, bí ó ti ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò.

"Màmá, kọ̀ǹpútà ní ìwé kékeré kan. Ohun tó bá fẹ́ ṣe, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ ná kó tó ṣe é. Tí iná bá lọ lójijì, nígbà tó bá jí, ìwé yẹn ló máa kọ́kọ́ ṣí, kó lè mọ ibi tó ń bá iṣẹ́ bọ̀."

"Ọlọ́gbọ́n ni."

"Ó gbọ́n jù ni. Tó bá fẹ́ gé fáìlì, á kọ ibi tí yóò gé e dé sínú ìwé. Á tún kọ ọ́ sára fáìlì fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n kan náà, ibi méjì!"

Gertrude pòṣé. "Ṣé arìndìn ni? Èmi tí n kò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ta ni mo ba aṣọ rẹ̀ jẹ́? Yọ ọ̀kan dànù, jàre."

"Èmi náà ti ń rò ó."

"Kí lo tún ń rò? Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í wọn ọ̀pá lẹ́ẹ̀mejì."

Jọmílójú yọ ọ́. Ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, tó gbilẹ̀ bí igbó di pẹrẹsẹ. Dennis yìn ín lójú gbogbo wọn, ó ní ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ àwọn máa gbé e jáde fún àwọn oníbàárà. Àmọ́ ní ilé-iṣẹ́ wọn, ẹni tó bá se ọbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò: kálukú ní láti lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Jọmílójú fi sórí tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e wá sí Sùúrùlérè ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà.

Wọ́n jẹun tán. Abigail sọ̀rọ̀ tán, Gertrude bá a jà tán. Ni màmá bá mú fóònù kékeré rẹ̀ jáde lábẹ́ ìrọ̀rí àga.

"Jọmí, fi ohùn rẹ̀ sínú eléyìí fún mi. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù nínú ọ̀sẹ̀, ilé yìí dákẹ́ jù."

"Ó gùn, Màmá. Fóònù yín ò lè gbé e. Àfi kí n gé ìrù rẹ̀ kúrò, ibi tó jẹ́ fáànù nìkan."

"Gé e, ṣebí iṣẹ́ rẹ ni."

"Kọ̀ǹpútà mi ti kún. Ẹ jẹ́ kí n wá ibi tí mo lè kó ẹ̀dà odidi rẹ̀ sí ná. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀—"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Ọmọ ọdún mélòó ni mí? Gé e ní ìṣojú mi."

Jọmílójú rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti kú ọjọ́ ti pẹ́, iná ara ògiri ló fi ń mí. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò nígbà tí fáànù òkè wọn fà sẹ́yìn, tó sì dúró. Iná ti lọ. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

Wọ́n jókòó. Gertrude ń fi ìwé orin fẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tí iná padà dé, Jọmílójú tan kọ̀ǹpútà, ó wá fáìlì náà, ó rí i. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀.

Fún wákàtí méjì, ọmọ náà kò kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ń tẹ, ó ń wá. Gertrude gbé omi wá, kò mu ún. Nígbà tó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Màmá, ó ti lọ."

"Ìrù rẹ̀ àbí orí rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni. Nígbà tó jí, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó rí i pé òun ń gé nǹkan. Ó wá ibi tó yẹ kóun gé e dé. Ti inú ìwé, èmi ti yọ ọ́. Ti ara fáìlì, kò tíì kọ ọ́ tí iná fi lọ. Ó wò ó pé kò sí ìwọ̀n kankan, ó sì gé e títí kò fi ku nǹkan kan." Ó nu imú. "Kọ̀ǹpútà náà ti kún, bó ṣe rí àyè báyìí ló ti kó nǹkan mìíràn sójú rẹ̀. Èmi ni mo pa á rẹ́. Mo pa ohùn ìyá mi rẹ́."

Gertrude fẹ́ sọ pé kó má sunkún. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Apá ọ̀tún gùn ju tòsì lọ."

"Kí lẹ wí?"

"Yunifọ́ọ̀mù yẹn. Òótọ́ ló sọ. Mo ń gé e lọ́wọ́ ni wọ́n wá pè mí pé àpò ẹrù wó lu Theophilus, bàbá ìyá rẹ, ní wíáhọ́ọ̀sì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìjọrà. Mo ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo sáré. Ọjọ́ kẹta ló kú. Nígbà tí mo padà sídìí aṣọ, mo wò ó, n kò rántí ibi tí mo wọ̀n ọ́n dé mọ́. Mo fi ojú bù ú gé." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ náà gbé e wọ̀ lọ sílé-ìwé, ó padà dé, ó ń ké. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé ikú bàbá rẹ ló wà lápá aṣọ rẹ? Mo ní apá tìrẹ ni kò dọ́gba. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fọ́nnu kiri pé orí mi ni ìwé mi. Ìwọ Jọmí sì gbà mí gbọ́."

Jọmílójú pa kọ̀ǹpútà dé. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti màmá, orúnkún wọn kan ara wọn.

Nígbà tó ṣe, Gertrude ní, "Lọ́la ni ẹ fẹ́ gbé e fún àwọn èèyàn?"

"Lọ́la ni."

"Ilé wo ni iná kì í ti lọ?"

Ọmọ náà di ojú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n yìn ín lé lórí nìyẹn. Ó mú fóònù, ó pe Dennis, ó ṣí ohùn fóònù síta kí màmá lè gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé iṣẹ́ mi jáde. Ìwọ̀n tí mo yọ yẹn, ó gbọ́dọ̀ padà. Ó ti jẹ fáìlì lórí kọ̀ǹpútà mi."

"Ha! Ṣé ó dá ẹ lójú? Fáìlì wo ló jẹ? Ṣé nǹkan gidi ni?"

Jọmílójú wo màmá. Gertrude gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá Dennis, ẹ kú ìsinmi. Ìyá ìyá rẹ̀ ni mí. Ohùn ọmọ mi ni. Òun nìkan ló ṣẹ́kù fún wa."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà," ni Dennis wí. "Kò ní jáde. Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà."

Oòrùn ti ń kúrò lójú fèrèsé. Gertrude gbé fóònù kalẹ̀, ó di ojú, ó pe Abigail nínú ọkàn rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà dáhùn, láti orí àdúrà dé orí ìkòkò, ọ̀kan kò fò. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń sọ wọ́n, ohùn òun Gertrude fúnra rẹ̀ ni.